Láti Ìlú Ọba Dé Ọgbà Ìgbafẹ́: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Ìfáárà

Bébà yìí dá lórí igbó kan tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìpamọ́ ẹranko àti fún ìgbafẹ́ ará ìlú. Ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù nínú igbó náà wà ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ìlọrin, òun náà sì ni ojúbùdó Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́. Orúkọ tí òfin mọ igbó yìí sí ni Old Oyo National Park. Àwa yóò máa pè é ní Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin; òkè olókùúta wà nínú rẹ̀, odò wà níbẹ̀, pápá àti igbó kìjikìji ẹ̀bá odò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí kókó yìí ṣe gbà wá lọ́kàn. Bọ́ìskọ́tà kan ni a háyà sí ní GRA Ìlọrin, ní àdúgbò tí igi máńgòrò àti igi dóńgóyárò ṣíji bo ojú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé bí ibòji náà ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láyé Lugard, pàápàá lábẹ́ òfin ìlú ti ọdún 1917, ìlànà ìjọba ni pé kí ilẹ̀ gbalasa tí ó tó 440 yáàdì wà láàrin ibùgbé àwọn Òyìnbó àti ibùgbé àwọn ọmọ onílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ibà. Inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn GRA ilẹ̀ wa ti jáde. Ìjọba kan náà ni ó ya igbó sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sì lò fún méjèèjì kò yàtọ̀: ‘Reserved’ ni ti àdúgbò, ‘Reserve’ ni ti igbó. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọdọ̀ béèrè nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé, kí ni ó wà níbẹ̀ kí a tó yà á sọ́tọ̀?

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe igbó àìmọye ọdún tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí. Ìṣèlú àti ogun ni ó sọ ìlú di igbó, òfin ni ó sì sọ igbó náà di ibi ìgbafẹ́. Ìlọrin ní ipa tí ó tóbi nínú èyí àkọ́kọ́, nítorí náà kò yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ìtàn ní Ìlọrin máa wo igbó yìí bí ohun tí ó jẹ́ ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ojúbùdó Ọ̀yọ́-Ilé súnmọ́ Ìlọrin ju bí ó ti súnmọ́ Ọ̀yọ́ òde òní lọ. Ààlà tí àwọn Òyìnbó fà láàrin Ìpínlẹ̀ Ìlọrin ti Àríwá àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti Gúúsù ni ó mú kí ó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa.

Àwọn iwin orí òkè

Kí a tó dé orí ogun, ìtàn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ìgbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣófo ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà kó ìlú náà, Aláàfin Ònígbògì sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìgbòho níkẹyìn, níbi tí a ti sin Aláàfin mẹ́rin. Nígbà tí Abípa gun orí ìtẹ́, ó pinnu pé òun yóò kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. A lè fi èyí sí nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ṣe ròyìn rẹ̀, àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Ìgbòho ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ilé wọn wà níbẹ̀, oko wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ àtijọ́ náà, wọ́n yára kó abuké, arọ, àfín, aràrá àti àwọn mìíràn tí ìrísí wọn ṣàjèjì, wọ́n ní kí wọ́n lọ fara pamọ́ sórí òkè tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa ké lóru pé àyè kò sí mọ́. Àwọn tí ọba rán délẹ̀, wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Iwin ti gba ilẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ọba kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, àwọn ọdẹ sì mú gbogbo ‘iwin’ náà wálé. Abípa kò bá ìjòyè kankan jà. Ó pè wọ́n síbi àsè, ó sì ní kí àwọn tí a mú wálé máa gbé ohun mímu fún wọn. Olúkúlùkù mọ ẹrú tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ inú igbó.

A mọ̀ pé ìtàn tí a fi ń ṣàlàyé orúkọ kò ṣeé gbára lé pátápátá, àwọn olùkọ́ wa sì ti kìlọ̀ fún wa lórí èyí láìmọye ìgbà. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ni ó tún un tò kí ó tó jáde ní 1921. Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ti wá, ojú Ọ̀yọ́ sì ni ó fi wo ayé. Síbẹ̀, ohun méjì wà nínú ìtàn yìí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn Ọ̀yọ́ fúnra wọn mọ̀ pé ìlú lè di igbó, igbó sì tún lè di ìlú. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì sí wa jù, ni pé ẹni tí ó ń sọ pé iwin ni ó ni ilẹ̀ kan, ó lè jẹ́ pé ó ní ohun tí ó fẹ́ gbà nínú rẹ̀.

Èyí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Yellowstone ní Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1872, ni ọgbà orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń ṣọdẹ, tí wọ́n sì ń gbẹ́ òkúta fún ohun èlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Philetus Norris, tí ó jẹ́ alábòójútó ọgbà náà láti 1877 dé 1882, tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bẹ̀rù ibẹ̀ nítorí omi gbígbóná tí ó ń tú jáde láti inú ilẹ̀, nítorí náà wọn kì í débẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkàn àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ balẹ̀. A rí i nígbà náà pé àwọn ìjòyè Ìgbòho àti alábòójútó Yellowstone lo ọgbọ́n kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rúndún méjì ààbọ̀ àti òkun kan wà láàrin wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Ọ̀yọ́ ní ọdẹ tí ó lọ wádìí.

Bí ogun ṣe gbin igbó

Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé (Katunga ni ó pè é, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é) ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó bá ìlú ńlá kan ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta, tí odi yí ká. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́ nígbà náà. Láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, láyé Awólẹ̀, ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti fi Ìlọrin ya kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1817, ó ké sí Àlímì àti àwọn Mùsùlùmí, ó sì gba àwọn ẹrú Haúsá tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn mọ́ra. Ní nǹkan bí 1823 sí 1824, àwọn tí ó pè wá pa òun fúnra rẹ̀, Ìlọrin sì di ti àwọn ọmọ Àlímì.

Ẹ̀rí tí ó wù wá jù ni ti àwọn Lander, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n dé ìlú náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1830. Wọ́n rí i pé a ti fi odi ìlú sílẹ̀ kí ó máa wó, ìlú sì ti rọ̀. Ọdún 1830 nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà ṣáájú kí ìlú tó tú. Ohun tí èyí ń fi hàn ni pé igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí ọ̀tá tó wọlé. Ìlú tí kò lè tún odi ara rẹ̀ mọ kò ní ènìyàn tó mọ́, tàbí kí ó má ní ọba tí àṣẹ rẹ̀ lè kó ènìyàn jọ. Nítorí náà, bí a bá sọ pé Ìlọrin ni ó pa Ọ̀yọ́-Ilé run, a sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Àrùn ti wà lára kí ọfà tó bà á.

Ọfà náà bà á ní nǹkan bí 1836. Aláàfin Olúewu, ẹni ìkẹyìn tí ó jọba ní Ọ̀yọ́-Ilé, ké sí àwọn ọba ilẹ̀ Ìbàrìbá kí wọ́n bá òun gbógun ti Ìlọrin. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni a ń pe ogun yìí, nítorí Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pe ọba Ìbàrìbá tí ó ṣe olórí wọn. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn Ọ̀yọ́ àti Ìbàrìbá, ọba méjèèjì kú sójú ogun. Àwọn tí ó kù ní Ọ̀yọ́-Ilé kó ẹrù, wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gba Kíṣì àti Ìgbòho. Àtìbà ni a fi jọba ní Àgọ́-Ọ̀jà, tí ó di Ọ̀yọ́ òde òní. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Abípa tí yóò kó wọn padà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìlú kéékèèké tí ó yí olú-ìlú ká ni ó tú pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí oko wà sì di pápá. Ẹranko kò bínú sí i.

Láti igbó ìjọba dé ọgbà orílẹ̀-èdè

Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọdẹ, àwọn darandaran àti àwọn tí ó ń wá oyin ni ó mọ ibẹ̀ jù. Ní ọdún 1933, àwọn orílẹ̀-èdè amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìpamọ́ ẹranko àti igi ilẹ̀ Áfíríkà. A ya igbó Òkè Ògùn sọ́tọ̀ ní 1936, a sì ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952, àwọn méjèèjì di igbó ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991, òfin ìjọba ológun sọ wọ́n di ọgbà orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọ̀yọ́ ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí a fi ti Borgu wé e, nítorí Ìlọrin ni ó ṣàkóso Borgu láti ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967 títí di 1991, tí a gbé apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Niger. Ìjọba Àríwá ni ó dá igbó ìpamọ́ ẹranko Borgu sílẹ̀ ní 1962. Ní 1979, òun àti ti Zugurma di ọgbà orílẹ̀-èdè Kainji, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láàrin 1964 àti 1968 ni a ti kọ́ ìsédò Kainji, tí omi sì bo Bussa àtijọ́, ìlú ọba tí Mungo Park kú sí ìtòsí rẹ̀ ní 1806. Ó ju 40,000 ènìyàn lọ tí a kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn Ọ̀yọ́ àti àwọn Ìbàrìbá tí wọ́n jọ jagun Ẹlẹ́dùwẹ̀ tún jọ bá ara wọn nínú ìtàn mìíràn báyìí: olú-ìlú ọ̀kan wà lábẹ́ koríko, ti ìkejì wà lábẹ́ omi, àlejò sì ń lọ síbi méjèèjì láti wo ẹranko.

Ohun tí àlejò ń rí

Ẹni tí ó bá lọ sí Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti jó, lè rí ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìnàkí àti oríṣìíríṣìí ọ̀bọ bí orí bá bá a ṣe é. Ó lè rìn lẹ́bàá odò Ògùn, ó sì lè gun òkè olókùúta tí ojú rẹ̀ tẹ́ bí ẹní, kí ó máa wo pápá títí dé ibi tí ojú mọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. A kò kọ èyí láti bu ìgbafẹ́ kù. Àwa náà gun òkè, ó sì tù wá lára.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn òkè wọ̀nyí? Àwọn ni Clapperton rí lẹ́yìn ilé ní 1826. Nínú ihò àpáta tí a ń pè ní Mejiro, nítòsí ibẹ̀, ni Frank Willett ti rí àwọn ohun èlò olókùúta wẹ́wẹ́ ti àwọn ènìyàn ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1956 sí 1957. A rí i pé àwọn ènìyàn ti ń gbé lórí òkè náà kí ẹnikẹ́ni tó jẹ Aláàfin. Odi ìlú pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Robert Soper àti Patrick Darling tẹ̀lé e káàkiri inú igbó, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1980. Babatunde Agbaje-Williams, tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé lórí Ọ̀yọ́-Ilé ní Ìbàdàn ní 1983, ṣírò pé àwọn ènìyàn tí ó gbé ìlú náà nígbà tí ó gbilẹ̀ jù lè tó 60,000 sí 140,000. Iye yìí fẹ̀ gan-an láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fún wa ní iye kan ṣoṣo ń tàn wá ni.

Àwọn igi pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Igi oṣè kì í sábà pọ̀ níbi tí ènìyàn kò gbé rí ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Níbi tí ó bá ti dúró ní ọ̀wọ́, àwọn awalẹ̀pìtàn a máa wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fún àpáàdì. Igi ẹ̀mí àti igi igbá náà rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gé wọn bí ó bá ń ṣán oko, nítorí òrí àti irú. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oko ẹnì kan tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, igi tí a fi han àlejò gẹ́gẹ́ bí ẹwà tí a kò dá lè jẹ́ ààlà oko, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀ràn ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀

Níbí ni àríyànjiyàn tí a fẹ́ gbé síwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wà. Iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè ni ẹ̀ṣọ́ àti ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀; ẹranko àti igbó ni a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àjọ tí òfin ọdún 1979 gbé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lé lọ́wọ́ jẹ́ òmíràn. Odi Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó ti èkíní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èkejì ni. Ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn méjì kì í sábà rí ẹni gbá ilẹ̀ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ òtítọ́ kan nípa ìyàsọ́tọ̀ náà. Bí a kò bá ya igbó yìí sọ́tọ̀ ní 1941, katakata ì bá ti tẹ́ odi náà pẹrẹsẹ fún oko àgbàdo, a kì bá sì ní ohun tí Soper àti Darling yóò wọ̀n. Òfin ìgbó pa ohun tí kò mọ̀ pé òun ń pa mọ́ mọ́. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń sọ pé kí a kàn fa ilẹ̀ náà padà fún àwọn ìlú àyíká kò ronú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì náà kò jàre. Wọ́n ní igbó kò lè jẹ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì jẹ́ igbó. Àpẹẹrẹ tí ó ta ko èyí wà nítòsí. Òkè Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wọ ibẹ̀ ní 2005. Ohun tí a kà sí wọn lọ́rùn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá ti wọnú ara wọn níbẹ̀ tí a kò lè yà wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun kò ju 75 hẹ́kítà lọ. Ọ̀yọ́-Ilé nìkan, láìka ìyókù ọgbà náà, ju 5,000 hẹ́kítà lọ.

Ní ti àwa tí a wà ní Ìlọrin, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò nílò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ agbo-ilé ní ìlú yìí ni ó ka Ọ̀yọ́-Ilé àti àwọn ìlú tí ó tú pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ orírun wọn, oríkì orílẹ̀ wọn sì kún fún orúkọ òkè, orúkọ odò àti orúkọ àdúgbò. Robin Law, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1977 lórí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́, fi hàn bí a ṣe lè fi ìtàn ẹnu wé àkọsílẹ̀ àwọn Òyìnbó. Ohun tí ó kù ni kí a fi oríkì agbo-ilé Ìlọrin wé odi, igi oṣè àti ẹnubodè tí ó wà nínú igbó náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí orí máàpù tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń mú àlejò káàkiri. Máàpù tí ó bá ní orúkọ lórí báyìí, àlejò tí ó wá wo ẹfọ̀n yóò mọ ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ẹfọ̀n náà ti ń jẹko.